Labalábá Orí Apẹ̀rẹ̀ Títílayọ̀

Ní Èbúté Èrò, ọ̀rọ̀ yòówù kó wà nílẹ̀ lórí ọ̀pẹ-òyìnbó, imú Mùtíátù ló ń parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ oyè náà, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ń jókòó sórí àpótí létí omi, níbi tí àwọn mọ́tò tó ń ti òkè bọ̀ ti máa ń já ẹrù èso sílẹ̀ láàárọ̀. Bí àwọn alábàárù bá ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹni tó ni ẹrù á figbe ta: "Ìyá Onímú, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò o!" Mùtíátù á gbé ọ̀kan, á dorí rẹ̀ kodò kí ìdí rẹ̀ lè kọjú sókè, á gbé e súnmọ́ imú, á sì mí sínú lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ni á wá máa pín in: tòní rèé, tọ̀la rèé, èyí di ọ̀túnla. Èyí tó bá sọ pé ó ti kan, ó ti kan nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ là á wò lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá là á, ńṣe ló ń pe àgbà lónírọ́ láàárín ọjà.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni o. Ọ̀pẹ-òyìnbó lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú lóde kí inú rẹ̀ ti kan. Òmíràn á tutù bí ewé, inú rẹ̀ á sì máa dùn bí oyin. Ojú máa ń purọ́, ọwọ́ náà máa ń purọ́. Imú nìkan ni kì í purọ́. Ohun tí Mùtíátù máa ń sọ nìyẹn fún àwọn ọmọge tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì fi ìka ta wọ́n nímú fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n má bàa gbàgbé.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí, Ìsàlẹ̀ Gángan ni wọ́n gbé e níyàwó wá nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká lọ sí Ìkòròdú àti Agége, wọ́n sì ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Kò gbà. Ta ló mọ̀ ọ́n ní Agége? Níhìn-ín, bó bá gba iwájú Iga Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, kọjá láàárọ̀, ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń retí níbẹ̀ fún ìpàdé. Obìnrin náà ní ìgbéraga díẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìgbéraga tó ti ara iṣẹ́ ọwọ́ ẹni wá, mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ibà ló ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún tí gbogbo ayé ń wọ ìbòmú, ibà dá Mùtíátù dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó se ọbẹ̀, ó sì rò pé irú tí òun rà ni kò dára. Ó lọ bá oníirú jà. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń ṣa ẹ̀wà, ni àwọn ará ilé bá já wọlé, tí wọ́n ń pariwo pé kí ló ń jó. Ọbẹ̀ ti di èédú nínú ìkòkò. Mùtíátù ní oorun ló gbé òun lọ. Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ìkòkò náà kò sì jìnnà ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó lọ.

Ó gbé ọṣẹ sí imú. Ó gbé kẹrosíìnì sí i. Ó fọ́ àlùbọ́sà sí i títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ládùúgbò ń sọ pé tiwọn padà lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù méjì. Tirẹ̀ kò padà. Níkẹyìn, ó gbé ọ̀pẹ-òyìnbó tó pọ́n dáadáa sí imú, ó sì dà bí ìgbà tó gbé òkúta síbẹ̀. Ọjọ́ náà ló tó sunkún.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé alágbẹ̀dẹ á máa kéde pé òun ò lápá mọ́ ni? Bí wọ́n bá mú imú kúrò lára Mùtíátù, kí ló kù bí kò ṣe ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí, tí àwọn alábàárù ń yà fún kí wọ́n má fi ẹrù gbá a? Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó padà sọ́jà, ó ń gbé èso sí imú bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti orí méfò. Orí bá a ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé kí mọ́tò tó dé, ó sì rí labalábá lórí àwọn ọ̀pẹ-òyìnbó àná tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ìrù wẹ́wẹ́ méjì sì yọ nídìí ìyẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún tó ti ń rí irú rẹ̀ níbẹ̀ tí kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ní imú, kí ló fẹ́ fi labalábá ṣe? Lọ́jọ́ náà, ó wò ó. Labalábá bà lé àkọ́kọ́, ó rìn yí i ká, ó fò. Ó bà lé ìkejì, ó rìn, ó fò. Nígbà tó dé orí ìkẹta, ó dúró, ó tú ahọ́n rẹ̀ tó ká jọ bí òwú sílẹ̀, ó tì í bọ àárín ojú ara èso náà, kò sì mira mọ́.

Mùtíátù fa ọ̀bẹ yọ, ó la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ahọ́n tirẹ̀ ṣì mọ kíkan yàtọ̀ sí dídùn. Méjì àkọ́kọ́ dára. Ìkẹta ti ń kan.

Báyìí ni ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ kòkòrò. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé àwọn funfun kéékèèké kò mọ nǹkan kan nípa èso, òdòdó ni tiwọn. Ó mọ̀ pé aláwọ̀ ilẹ̀ kì í jáde títí oòrùn á fi mú, pé bí òjò bá rọ̀, abẹ́ tapólì ló ń sá sí, pé bó bá mu omi èso kíkan yó, èèyàn lè fi ìka gbé e bí ẹni gbé àjákù aṣọ. Ó wá dá àṣà tuntun sílẹ̀ létí omi. Bí ẹrù bá dé, á ní, "Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn." Àwọn obìnrin tó kù rò pé ọgbọ́n àgbà ni, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹrù wọn ní atẹ́gùn, títí kan àwọn tó ń ta iṣu. Bí ẹrù bá ti gba atẹ́gùn tán, Mùtíátù á gbé ọ̀pẹ-òyìnbó sí imú, á mí sínú, ojú rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí labalábá wà.

Odidi ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Ó tiẹ̀ ń gbàgbé nígbà mìíràn pé imú òun kò ṣiṣẹ́. Bí irọ́ bá ṣe dáadáa, kì í pẹ́ tó fi máa ń rọ ẹni tó ń pa á lọ́rùn.

Títílayọ̀ ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí wá kàn. Ọmọ Èkìtì ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sanra, kì í pariwo. Ọdún márùn-ún ló ti fi bá obìnrin kan tajà létí omi níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí Mùtíátù ti fi ìka ta nímú rí. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Nígbà tí àsìkò tó, ó ní òun fẹ́ dá dúró. Ó bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú, Lùkúmọ̀n lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ náà sì kó apẹ̀rẹ̀ méjìlá ránṣẹ́ sí i. Ẹrù tirẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú wá sọ́jà láti gbà á.

Lọ́jọ́ náà, iṣu ti gba gbogbo ibi tí wọ́n máa ń já èso sí. Àwọn alábàárù bá gbé apẹ̀rẹ̀ Títílayọ̀ lọ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ẹlẹ́ja ń pàtẹ. Mùtíátù gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó ní kí ẹrù gba atẹ́gùn. Oòrùn mú díẹ̀, labalábá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n dé ní méjì, wọ́n dé ní márùn-ún, wọ́n dé títí apẹ̀rẹ̀ méjèèjìlá fi ní tirẹ̀ lórí. Mùtíátù kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń wò wọ́n. Ó gbé ọ̀pẹ-òyìnbó kan sí imú, ó mí sínú, ó sì gbé e padà.

"Ó ti kan," ó wí. "Gbogbo ẹ̀."

"Màmá?" Títílayọ̀ súnmọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò. Wọ́n ní àná ni wọ́n gé e."

"Mo ní ó ti kan."

Títílayọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan sí imú. Ó la ẹnu, bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tún pa á dé. Mùtíátù rí i. Nítorí pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń bà á, ó gbé ohùn sókè: "Àbí imú tìẹ ló wá ju tèmi lọ ni? Ọmọ àná yìí!" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Títílayọ̀ náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Kó tó di ọ̀sán, ó ti kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń fún omi èso, ní iye tí wọ́n bá fẹ́. Kò sẹ́ni tó là á wò níwájú ọjà. Àwọn tó rà á là á nílé wọn, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti sọ ọmọ náà ní "Ẹlẹ́rù Kíkan". Ó pe Lùkúmọ̀n lórí fóònù, ó pè é ní olè, Lùkúmọ̀n náà sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Nígbà tí oṣù parí, Títílayọ̀ ti padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó ń bá a ru ẹrù.

Mùtíátù rí i bó ṣe ń kọjá lójoojúmọ́. Ó káàánú rẹ̀. Ó ní báyìí ni ọjà ṣe rí, kó máa gbìyànjú.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí wọ́n tó pe Mùtíátù sílé fún fídáù àbúrò bàbá rẹ̀ tó kú. Abúlé wọn kò jìn sí oko Lùkúmọ̀n, ṣùgbọ́n Mùtíátù kò mọ̀, títí ọkùnrin kan fi wá dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdúrà tán, tó ní, "Ìyá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Wọ́n ní ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Ìyá Onímú l'Ékòó."

"Èmi ni."

"Èmi ni Lùkúmọ̀n. Ẹ̀yin lẹ dá ẹrù mi lẹ́bi." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ má bínú, mo fẹ́ kí ẹ bá mi rìn dé oko láàárọ̀ ọ̀la. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fojú rí i ni."

Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá kọ̀, wọ́n á ní ó ń sá. Bí ilẹ̀ ti mọ́ tí ìrì sì ti gbẹ díẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà oko. Lùkúmọ̀n ń lọ níwájú, ó ń fi àdá ya koríko, Mùtíátù ń tẹ̀ lé e, ó ká ìró rẹ̀ sókè. Ó ti tó ogún ọdún tó ti rìn lójú ọ̀nà tí kò sí kọnkéré lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òórùn ilẹ̀ tútù wà níbẹ̀, àti ti ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó rántí pé wọ́n wà. Ó mí sínú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n labalábá pọ̀ lójú ọ̀nà náà, bó sì ti di bárakú fún un, ó ń wò wọ́n. Àwọn kan na ìyẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja lórí ewé, wọ́n ń yá oòrùn. Níbi tí oòrùn ti gba àárín igi wọlé, méjì ń yí ara wọn po, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sókè, ọ̀kan sá, èkejì sì padà wá jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀ bí onílé. Ó rí ọ̀kan tó ń bà lé ewé kan, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a pẹ́pẹ́pẹ́, tó ń kúrò, tó ń lọ gbá òmíràn.

"Kí lèyí ń wá?" ó bi Lùkúmọ̀n.

"Ibi tó máa yé ẹyin sí ni. Ẹsẹ̀ ló fi ń tọ́ ewé wò kó tó yé e. Bí kì í bá ṣe ewé tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, kò ní í yé e síbẹ̀." Lùkúmọ̀n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tó bá ń gbé oko, ó di dandan kó mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ló ń jẹ ọsàn mi."

Mùtíátù dúró, ó ń wò ó. Kòkòrò tó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ nǹkan wò. Ó wù ú láti sọ fún ọkùnrin yìí pé òun náà, ojú lòun fi ń gbóòórùn. Ó wù ú débi pé ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

Wọ́n dé etí odò kékeré kan tó ti fẹ́ gbẹ. Lórí yanrìn tútù níbẹ̀, labalábá pọ̀ bí ewé tó wọ́ sílẹ̀: aláwọ̀ ọsàn, funfun, aláwọ̀ aró. Láàárín wọn ni àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ onírù méjì wà, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti ahọ́n wọn bọ inú yanrìn, wọ́n ń fà á mu.

Mùtíátù wò yíká. Kò rí igi eléso kankan. Kò rí èso tó jábọ́.

"Lùkúmọ̀n, kí ni wọ́n ń mu níbẹ̀? Èso dà?"

"Èso kẹ̀? Ìtọ̀ màlúù ni, ìyá. Agbo màlúù kan kọjá níbí lánàá. Iyọ̀ inú ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí mo bá bọ́ ẹ̀wù tí mo fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa bò ó nìyẹn, wọ́n á máa lá òógùn ara ẹ̀. Àwọn onírù yẹn ló burú jù. Bí ẹja bá kú sétí odò tó sì ń jẹrà, àwọn ló máa kọ́kọ́ débẹ̀."

"Ẹja?"

"Ẹja, edé, ohunkóhun tó bá ti ní iyọ̀ tó sì ń rùn."

Mùtíátù jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Lùkúmọ̀n rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sáré lọ bu omi wá, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́. Ó ń rí apẹ̀rẹ̀ méjìlá nísàlẹ̀ ibi tí àwọn ẹlẹ́ja ń pàtẹ, níbi tí wọ́n ti ń da omi tí wọ́n fi fọ ẹja oníyọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ń rí ìdí apẹ̀rẹ̀ tó rin gbingbin. Ó sì ń rí ohun tó ti rí lọ́jọ́ náà gan-an tí kò jẹ́ kó dé ọkàn rẹ̀: ara apẹ̀rẹ̀ ni àwọn labalábá náà bà lé. Kò sí ọ̀kan tó ti ahọ́n bọ ojú ara ọ̀pẹ-òyìnbó. Gbogbo wọn ń lá igi apẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí imú rẹ̀ bá yè ní Èbúté Èrò ni ìbá gbóòórùn omi ẹja yẹn láti ọ̀nà jíjìn. Òun nìkan ni kò lè gbọ́ ọ.

"Ẹrù rẹ kò kan," ó sọ nígbà tí Lùkúmọ̀n gbé omi dé.

"Mo mọ̀ pé kò kan."

"Èmi ni mo ṣe é. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ èmi ni."

Lùkúmọ̀n na igbá omi sí i. Ó dúró títí Mùtíátù fi mu ún tán. "Èmi ti gbọ́, ìyá. Ṣé ọmọ yẹn ti gbọ́?"

Nínú mọ́tò tó gbé e padà sí Èkó, Mùtíátù bá ara rẹ̀ dúnàádúrà ní gbogbo ọ̀nà. Ó lè dúró di ìgbà tí Títílayọ̀ bá tún gba ẹrù, kó wá yìn ín kí gbogbo ọjà gbọ́. Ó lè ní àwọn alábàárù ló gbé ẹrù ọmọ náà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ó lè pè é sí kọ̀rọ̀, kó fún un ní nǹkan, kó ní kó máa dárí ji òun, láìsọ ohun tó fà á. Ọgbọ́n kò tán nínú rẹ̀. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kó gbádùn, tí gbogbo wa mọ̀: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun ni àgbà tó wà lọ́jà. Kì í ṣe pé ó wò ó níran kí orí ọmọ wọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò mẹ́ta ti já ẹrù sílẹ̀ kó tó dé etí omi. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n bi í nípa fídáù, wọ́n sì gbé àpótí rẹ̀ síbi tó máa ń wà. Kò jókòó.

"Ẹ bá mi pe Títílayọ̀."

Títílayọ̀ wá, òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Àwọn èèyàn yí wọn ká, nítorí wọ́n rò pé ẹjọ́ mìíràn ti délẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o," Mùtíátù wí. "Imú mi ti kú. Láti ìgbà ibà ọjọ́sí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mi ò ti gbóòórùn nǹkan kan. Kì í ṣe ọ̀pẹ-òyìnbó nìkan o, nǹkan kan báyìí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Mùtíátù sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó sọ ti labalábá, ó sọ ti atẹ́gùn tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó sọ ti ìtọ̀ màlúù etí odò. Ojú ń tì í débi tó fi ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹrù ọmọ yìí dára," ó wí. "Omi ẹja ló wà lára apẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò kan. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

"Háà! Ìyá Onímú!" obìnrin kan ké. Òmíràn ní, "Ẹrù tèmi ńkọ́, èyí tí wọ́n ní kí n tà lọ́pọ̀ lóṣù kejì?" Ariwo sọ. Títílayọ̀ ni Mùtíátù ń wò. Ó ń retí kó bú òun. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú.

Títílayọ̀ kò bú u. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

"Mo gbóòórùn ẹ̀, Màmá. Omi ẹja yẹn. Mo gbóòórùn ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì gbé ọ̀pẹ-òyìnbó sí imú, ó ń ta sánsán. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin wá ní ó ti kan, gbogbo wọn sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, ah, ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Mo ní imú tèmi ló bàjẹ́." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Láti ìgbà náà, mi ò gbé nǹkan kan sí imú mọ́. Bí mo bá se ọbẹ̀ nílé gan-an, mo máa ń pe ẹni tá a jọ ń gbé pé kó bá mi gbóòórùn ẹ̀ bóyá ó dáa. Mi ò gba imú mi gbọ́ mọ́, Màmá."

Mùtíátù ti múra fún gbogbo nǹkan, àmọ́ kò múra fún ìyẹn. Ta ló mọ̀ ju òun lọ bó ṣe máa ń rí, kí èèyàn dúró ti ìkòkò ara rẹ̀ kó má mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ìyà tó ń jẹ òun níkọ̀kọ̀ láti ọjọ́ yìí, òun ló gbé e wọ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó dùn ún ju bí imú rẹ̀ ṣe kú lọ. Orúnkún rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, àwọn obìnrin bá kígbe, "Èèwọ̀!" nítorí wọ́n rí i pé ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí lọ́mọ-ọmọ. Títílayọ̀ fò dìde, ó dì í mú lábẹ́ apá méjèèjì.

"Ẹ má ṣe é, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, títí Mùtíátù fi nàró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù, ó yọ ọ̀pẹ-òyìnbó kan, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọ náà.

Títílayọ̀ kò kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tó gbà á, ó gbé e síwájú àyà rẹ̀, ó ń wò ó. Ó gbé e sí imú, ó dijú, ó mí sínú, ó tún mí sínú.

"Kí lo gbọ́?" Mùtíátù bi í. Kò fi dán an wò. Ó wù ú láti mọ̀.

"Ó dùn, Màmá." Omijé ti ń dà lójú ọmọ náà. "Ó dùn gan-an ni. Kò kan rárá."

"Sọ ọ́ sókè," Mùtíátù wí, "kí gbogbo wọn gbọ́."